Àgbájọ Ilé-Iṣẹ́: Ṣé Owó Ni Ó Ń Gbé E Ró, Tàbí Ènìyàn?

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí. A ń pa á níbi ìpàdé ìlú, a ń pa á níbi ìgbéyàwó, a sì ń pa á nínú àròkọ tí a ń kọ fún olùkọ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, níbi tí ó yẹ kí òwe náà ti ṣiṣẹ́ jù, ńṣe ni a máa ń fi í sílẹ̀ síta bí ẹni tí ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí kò ju èyí lọ: kí ni ó ń mú kí àgbájọ ilé-iṣẹ́ dàgbà? Àwọn kan ní owó ni. Àwọn mìíràn ní ojú rere ìjọba ni. Èmi ní ènìyàn ni, àti ìwà tí àwọn ènìyàn náà fi ń bá ara wọn lò. N ó gbìyànjú láti fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nítorí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Agbo-Ilé Ni Àgbájọ Ilé-Iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí ọkùnrin kan bá ní ṣọ́ọ̀bù kan, oníṣòwò ni. Bí ó bá fi orúkọ òwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bí òfin ṣe là á sílẹ̀, ó ti di ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀, tí ó dá ti oògùn sílẹ̀, tí ó tún dá ti páálí tí wọn yóò máa kó ọṣẹ àti oògùn náà sí, tí ilé-iṣẹ́ àgbà kan sì ń darí gbogbo wọn, èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gúrúùpù, tí èmi ń pè ní àgbájọ ilé-iṣẹ́.

Kò yàtọ̀ sí agbo-ilé wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó ní ààrò tirẹ̀, ó sì ní ẹnu tí ó ń bọ́. Ṣùgbọ́n kànga kan ni gbogbo wọn ń pọn, baálé kan ni ó ń parí ìjà wọn, bí iná bá sì mú òrùlé ẹnì kan, gbogbo agbo-ilé ni yóò gbé omi. Àǹfààní rẹ̀ nìyí: bí ọjà ọṣẹ kò bá yá lọ́dún kan, èrè oògùn lè gbé e ró títí ọdún mìíràn. Ewu rẹ̀ náà sì nìyí: bí baálé bá jẹ́ aláìṣòótọ́, gbogbo ojúlé ni yóò jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Òfin sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Láti ọdún 1897 tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹjọ́ Salomon, tí àwa náà sì jogún ìlànà yìí lọ́wọ́ wọn, ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ti di ènìyàn lójú òfin. Ó lè ní ohun ìní, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe ẹjọ́. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ lè kú lónìí kí òun má kú. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí níwájú, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ wa ti ń yẹ̀.

Àwa Ìgbómìnà Láàrin Ìbàdàn Àti Kàdúná

Ní oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìbéèrè ńlá kan sì dìde: ta ni yóò jogún àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti fi owó kòkó àwọn àgbẹ̀ dá sílẹ̀ láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn? Ilé Kòkó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní Ìbàdàn ní 1965. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, báǹkì wà níbẹ̀, ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn náà sì wà níbẹ̀. Wọn kò pín wọn bí ẹran Iléyá. Lọ́dún 1976 yẹn kan náà ni wọ́n dá Odù'a Investment sílẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì di ohun àjọní. Nígbà tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991 àti Èkìtì ní 1996, àwọn náà di onípìn-ín. Èkó náà ti wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí iná jó Ilé Kòkó ní 1985, àwọn ènìyàn rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. N kò sọ pé gbogbo nǹkan ni ó ń lọ déédéé ní Odù'a. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìpinnu láti má pín ohun tí ó ṣòro láti kó jọ, ìwà ni, kì í ṣe owó.

Níbo wá ni àwa Ìgbómìnà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀yin ẹ wò ó. Bàbá kan náà ni Ìlá àti Ọ̀mù-Àrán ń pè. Ṣùgbọ́n ààlà tí àwọn Òyìnbó fà gbé Ìlá sí Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì gbé Ọ̀mù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́, Òró àti Àjàṣẹ́ sí Àríwá. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwárà sílẹ̀ ní 1967, ibẹ̀ ni a bọ́ sí. Nítorí náà, ọmọ Ìlá ní ìpín nínú Ilé Kòkó nípasẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Ọ̀mù-Àrán kò ní. Ìpín ti ẹ̀gbọ́n wà ní Kàdúná, nínú NNDC, àgbájọ ilé-iṣẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá jọ ni. Ọmọ ìyá ni wọ́n, kànga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pọn.

Kò sí ẹni tí yóò bá wa yí ààlà padà nítorí èyí, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn ènìyàn wa ní ẹ̀kọ́ kan: ẹni tí kò ní ìpín nínú ilé ńlá yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ti ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Kwárà gba Èkó lọ, àwọn mìíràn gba Ghana lọ, títí di ọdún 1969 tí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì kúrò níbẹ̀. Láti Agbamu, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn níbi tí Ọ̀mù-Àrán ti jẹ́ olú-ìlú, ni Ọmọba Samuel Adedoyin ti jáde, tí ó lọ dá àgbájọ ilé-iṣẹ́ Doyin sílẹ̀ ní Èkó. Ní Ọ̀fà tí ó bá wa pààlà, Olóyè Adesoye dá ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì Ọ̀kín sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ẹyẹ tí wọ́n fi ń ki ìlú rẹ̀ pe ọjà rẹ̀. Àwọn bàbá wọ̀nyí kò jogún báǹkì. Ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ní: ẹni tí ó gbà wọ́n gbọ́ tí ó fún wọn lọ́jà àwìn, ẹni tí ó bá wọn gbé ẹrù, ẹni tí ó bá wọn ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ wa kan tí owó rẹ̀ ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kí Òṣìṣẹ́ Má Di Ère Ẹ̀sìẹ́

Ẹni tí ó bá dé Ẹ̀sìẹ́ yóò rí ohun tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ère òkúta pọ̀ níbẹ̀, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, ọkùnrin àti obìnrin, tí púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Àwọn kan mú idà lọ́wọ́, àwọn kan mú ọfà. Ìròyìn wọn dé etí ayé ní 1933, ní 1945 sì ni wọ́n ṣí ilé àkójọ ohun àtijọ́ tí ó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà síbẹ̀ nítorí wọn. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tí wọ́n di òkúta.

Nígbàkúùgbà tí mo bá ronú nípa àwọn ère wọ̀nyí, àwọn òṣìṣẹ́ wa ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n kó ara wọn jọ. Oníkálukú wà ní ipò rẹ̀, oníkálukú mú irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Bí orí ọ̀kan bá fọ́, èkejì rẹ̀ kò ní mọ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa ṣe fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí: kí ó jókòó síbi tí a gbé e sí, kí ó mú ohun tí a fún un lọ́wọ́, kí ó má fọhùn. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn sọ ènìyàn di òkúta, wọ́n wá ń bèèrè ìdí tí iṣẹ́ kò fi lọ síwájú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ṣe olùtọ́jú ọjà nínú àgbájọ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọdún méjìlélógún ni ó lò níbẹ̀. Ó mọ gbogbo ìwé ọjà náà lórí, ó mọ oníbàárà tí ó ń san gbèsè àti èyí tí kì í san. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti inú ẹbí olówó wá, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá lé e lórí, wọ́n sì ní kí ó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Ó kọ́ ọ. Nígbà tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé, aago ògiri kan ni wọ́n gbé fún un, wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo bi í léèrè nígbà kan bóyá ó bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí ó dùn mí kì í ṣe owó. Láti ọdún méjìlélógún, kò sí ẹni tí ó bèèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí ni mo rò." Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Ilé-iṣẹ́ náà ra apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ọgbọ́n rẹ̀ tí wọn ì bá gbà lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò bèèrè rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ inú rere ni mò ń sọ, pé òwò kì í ṣe ilé àánú. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Índíà. Ní 1868 ni Jamsetji Tata bẹ̀rẹ̀ òwò tí ó di àgbájọ ilé-iṣẹ́ Tata. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ayé ṣì ń mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ bí ẹni mú ẹrú, ilé-iṣẹ́ irin wọn ti ń lo wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ láti ọdún 1912. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu jù ni pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé-iṣẹ́ àgbà wọn wà lọ́wọ́ àwọn àjọ àánú, tí wọ́n ń fi èrè rẹ̀ kọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá sọ pé ìwà ọmọlúàbí kì í jẹ́ kí òwò dàgbà, kí ó lọ wo Tata, kí ó wá sọ fún mi bóyá ó kéré.

Ìwà Tí A Fi Sílẹ̀ Sẹ́nu Ọ̀nà

Àmọ́ kò yẹ kí a dé Índíà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Àwọn bàbá wa mọ̀ bí a ti ń kó ènìyàn jọ ṣiṣẹ́ kí ó tó di pé Òyìnbó kó ìwé òfin dé. Ẹ wo àáró. Lónìí, gbogbo wa wà lóko Àjàyí. Lọ́la, oko Bádéjọ ni. Lọ́tùn-ún-la, ó kan èmi. Kò sí owó nínú rẹ̀, kò sí ìwé àdéhùn. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá jẹ àáró tí kò san án, gbogbo ìlú ni yóò mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún bá a ro oko mọ́.

Ẹ tún wo èsúsú. Ènìyàn méjìlá, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ẹbí, ń kó iye kan náà jọ lóṣooṣù, ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o lè sá lọ. Kí ni kò jẹ́ kí ó sá? Kì í ṣe ọlọ́pàá. Orúkọ rẹ̀ ni, àti ojú àwọn ènìyàn. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dé ní 1935, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun ni wọ́n kọ́. Èsúsú àti àáró ni wọ́n wọ̀ ní aṣọ ìjọba. Láti inú rẹ̀ ni Báǹkì Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti jáde ní Ìbàdàn ní 1953.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó kẹ́yìn sí. Ní 2006, báǹkì náà di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n para pọ̀ di Skye. Nígbà tí ó di 2018, ìjọba gba ìwé àṣẹ Skye, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé Polaris lọ́wọ́. Owó àwọn àgbẹ̀ ni ó bí i. Orúkọ àwọn àgbẹ̀ kò sí lára rẹ̀ mọ́. Èrò mi ni pé nígbà tí nǹkan bá tóbi tí àwọn tí ó ni ín kò bá rí inú rẹ̀ mọ́, ojú tí ó ń ṣọ́ orúkọ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ìṣòro àgbájọ ilé-iṣẹ́ gan-an nìyí. Ó tóbi ju ohun tí ojú kan lè rí lọ. Nítorí náà, ohun tí ojú ìlú ń ṣe nínú èsúsú, ìwé ìṣirò owó tí ó mọ́ àti olùyẹ̀wò tí kò gba rìbá ni ó gbọ́dọ̀ máa ṣe é nínú ilé-iṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí a tóbi kí ojú sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ àwọn Basque ní Spéènì, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Arizmendiarrieta kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ níṣẹ́ ọwọ́ jọ, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1956. Èyí ni ó di Mondragón, àgbájọ ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ tí ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta lóde òní. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà ni ó ni ín. Ìbò kan ni ọ̀gá ní, ìbò kan náà ni òṣìṣẹ́ ní. Wọ́n sì fi ààlà sí owó oṣù, tí ti ọ̀gá kò fi gbọdọ̀ fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ. N kò ní parọ́ fún yín pé wọn kò ní wàhálà. Ní 2013, Fagor, ilé-iṣẹ́ wọn tí ń ṣe ẹ̀rọ inú ilé, jẹ gbèsè títí ó fi wó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wó, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀. Iná mú òrùlé ẹnì kan, agbo-ilé gbé omi. Bí èyí kò bá jọ àáró, kí ni ó jọ?

Ìdí-Igi Kò Gbọdọ̀ Di Àáké

Mo ti wá dé orí ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ìdàgbàsókè. Kì í ṣe ìdàgbàsókè ọdún kan tàbí méjì ni mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá kú ní ọjọ́ tí bàbá kú, a kò lè pè é ní ohun tí ó dàgbà. Ó kàn ga ni.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a fi ń pín ogún ọkùnrin tí ó ní ìyàwó púpọ̀. Ìdí-igi ni a ń pe èkíní: ìyá kọ̀ọ̀kan tí ó bímọ jẹ́ ìdí igi kan, iye ìdí igi ni a ó fi pín in. Orí-ò-jorí ni èkejì: ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Ẹjọ́ kan tí ó lókìkí nípa rẹ̀ ni ti Dawodu àti Danmole, tí ó ti Èkó lọ títí dé ilé-ẹjọ́ àwọn ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Olóògbé náà fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ní 1962, wọ́n dájọ́ pé ìdí-igi ni àṣà tí ó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

N kò ní ìjà pẹ̀lú ìdí-igi. Ilé ṣeé pín, oko ṣeé pín, aṣọ ṣeé pín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rọ tí ń ṣe ọṣẹ ṣeé pín? Ẹ rántí ohun tí mo sọ pé òfin pe ilé-iṣẹ́ ní ènìyàn. Ìpín inú rẹ̀ ni ogún. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ogún. Bí ọmọ mẹ́sàn-án bá pín ìwé ìpín láàrin ara wọn, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ilé-iṣẹ́ yóò máa bọ́ gbogbo wọn. Ohun tí a sì máa ń rí nìyí: ìdí igi kan gba ọkọ̀ akẹ́rù, ìdí igi kejì gba ẹ̀rọ, ìdí igi kẹta gba ilẹ̀, ìdí igi kẹrin gba kóòtù lọ. Ní ìparí, lọ́yà ni ó jẹ èyí tí ó pọ̀ jù. Ìdí-igi ti di àáké tí ó gé igi náà lulẹ̀.

Kì í ṣe ẹjọ́ ẹbí nìkan ni ó ń pa wọ́n. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá kó ìwé ìròyìn Concord, ilé ìtàwé, oko àti ọkọ̀ òfurufú jọ. Ìjọba ológun ti Concord pa ní 1994, ó sì kú ní àtìmọ́lé ní oṣù keje ọdún 1998. Ìwà ìkà ìjọba ni ó kọ́kọ́ pa òwò náà, kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ wa: bí gbogbo ẹrù bá wà lórí ẹnì kan, ọta tí ó bá ẹni náà ti bá gbogbo ẹrù.

Wọ́n Ní Àjèjì Ń Jalè

Mo ti bá àwọn oníṣòwò díẹ̀ láti ìlú wa sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èsì kan náà ni gbogbo wọn ń fún mi: "Bí mo bá gbé ilé-iṣẹ́ fún àjèjì, yóò jí i kó. Ọmọ mi nìkan ni mo lè gbẹ́kẹ̀ lé." N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ojú wọn ti rí nǹkan. Ṣùgbọ́n mo ní èsì mẹ́ta.

Èkíní, ọmọ ẹni náà ń jalè. Àìmọye ilé-iṣẹ́ ni ọmọ bíbí inú olówó ti tà jẹ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kì í mú ọmọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èkejì, àjèjì tí ó mọ̀ pé bí ó ti wù kí òun ṣiṣẹ́ tó, òun kò lè dé ipò kan láéláé, yóò wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi san ara rẹ̀. Àwa ni a ń fi ọwọ́ ara wa tì í sí olè. Ẹ̀kẹta, èsúsú ti fi hàn wá pé Yorùbá mọ̀ bí a ti ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Kì í ṣe nítorí pé a rò pé áńgẹ́lì ni í ṣe, bí kò ṣe nítorí pé ohun gbogbo wà ní gbangba. Ibi tí nǹkan bá ti wà ní gbangba, olè kì í rí ibi fara pamọ́ sí.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kò ní pẹ́ tí yóò fi kàn wá. Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, àwọn kan nínú wa yóò di òṣìṣẹ́ nínú àgbájọ ilé-iṣẹ́. Àwọn kan yóò jogún ìpín bàbá wọn. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, àwọn kan yóò dá tiwọn sílẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún wọn.

Ẹni tí yóò di òṣìṣẹ́, kí ó má gbà láti di ère. Kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, kí ó sì sọ ohun tí ó rí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Olówó tí kò bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lónìí, gbèsè yóò sọ ọ́ fún un lọ́la. Ẹni tí yóò jogún, kí ó gba ìwé ìpín, kí ó má gbé ẹ̀rọ. Bí kò bá mọ iṣẹ́ náà, kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe é, kí òun máa ka ìwé ìṣirò owó rẹ̀. Ẹni tí yóò dá tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹni tí yóò gbapò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ó sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí ó ti bá a lò ọdún pípẹ́ ní ìpín díẹ̀ nínú òwò náà. Ẹni tí ó ní ìpín nínú agbo-ilé kì í tiná bọ̀ ọ́.

Àwọn àgbà wa sọ pé ogbó, àdá tí Ọ̀ràngún gbà lọ́wọ́ Odùduwà, ni ó ń la ọ̀nà níwájú àwọn bàbá wa nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Ifẹ̀, pé nítorí pé ogbó mọ̀nà ni a fi ń pè wá ní Ìgbómìnà. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ dára. Àdá nìkan kò tó; ó gbọdọ̀ mọ ọ̀nà. Owó ni àdá òwò, ó mú, ó sì lè gé ohunkóhun. Ìwà ni ó mọ ọ̀nà. Ìjọba ìbílẹ̀ tí a ti wá, Irẹ́pọ̀dùn ni orúkọ tí wọ́n fún un. Èyí tí ó bá a pààlà, Ifẹ́lódùn. Kí orúkọ wọ̀nyí má mọ lórí pátákó ẹ̀bá ọ̀nà nìkan. Kí a gbé wọn wọ inú ilé-iṣẹ́, kí a sì fi wọ́n ṣiṣẹ́. Ire o.